Sẹ́ẹ̀lì Tó Gbàgbé Ara Rẹ̀ Nínú Abọ́

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwòrán kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwòrán èèyàn kọ́, ti ilẹ̀ kọ́. Àwọn àmì tóótòòtó tó tò lórí ìlà ni, irú èyí tó máa ń kún inú ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn olùwádìí ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, tí Christopher Glass jẹ́ ọ̀gá wọn, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 2017. Wọ́n yọ microglia, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tó ń dáàbò bò ó, kúrò nínú ọpọlọ èèyàn, wọ́n kó wọn sínú abọ́ nínú láàbù, wọ́n wá ń ṣọ́ àwọn jíìnì wọn. Wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jíìnì tó mú kí microglia jẹ́ microglia ti ń dákẹ́.

Wọn ò kú o. Ká ní wọ́n kú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun, ara wọn le. Ìwà wọn ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tó wá ń tẹ̀ lé mi kiri látinú bọ́ọ̀sì dé ìdí ààrò ni pé, bí sẹ́ẹ̀lì bá lè gbàgbé ara rẹ̀ kíákíá báyìí, ta ló ń rán an létí nígbà tó wà nílé?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Macrophage ni orúkọ ìdílé wọn. Ẹ ti mọ̀ wọ́n: àwọn ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí mì, àwọn ló ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú ara. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé kò sí macrophage kan tó jẹ́ macrophage lásán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe fún wọn. Èyí tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè ní Kupffer, ti inú ọpọlọ ni microglia, ti inú egungun ni osteoclast.

Iṣẹ́ wọn ò jọra. Ti inú ẹ̀dọ̀fóró ń jẹ surfactant tó ti gbó, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra nígbà tí a bá mí síta. Èyí tó wà nínú spleen, ẹ̀yà ara tó sá sábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, máa ń dúró de sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó bá ti lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé. Á gbé e mì, á yọ èròjà irin inú rẹ̀, á sì dá irin náà padà kí ara lè fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Osteoclast ní tirẹ̀ ń tú ásíìdì sórí egungun àtijọ́ títí yóò fi yọ́, kí tuntun lè ráyè. DNA kan náà sì ni gbogbo wọn ń kà. Ibi tí oníkálukú ń kà nínú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìran ni wọ́n ń wò. Ní 1968, Ralph van Furth àti Zanvil Cohn sọ pé inú mùdùnmúdùn egungun ni gbogbo macrophage ti wá: wọ́n á wọnú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi monocyte, wọ́n á sì tibẹ̀ wọnú ẹ̀yà ara. Ìmọ̀ yìí jókòó pa títí di 2010, nígbà tí Florent Ginhoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára eku pé microglia ò ba ibẹ̀ wá rárá. Inú àpò kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀, kí mùdùnmúdùn egungun tó dáyé, wọ́n wọnú ọpọlọ, wọn ò sì jáde mọ́. Inú àwọn tó gbà pé ìran ló ń pinnu ohun gbogbo dùn gan-an ni.

Ìdùnnú yẹn ò pẹ́. Nígbà tí 2014 ń parí lọ, ìwádìí méjì jáde pọ̀ nínú Cell. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ Glass yìí kan náà. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ Ido Amit ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì, pẹ̀lú Steffen Jung àti Miriam Merad. Àwọn ẹgbẹ́ Amit pa mùdùnmúdùn egungun eku, wọ́n fi ti eku mìíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dúró kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó tinú rẹ̀ jáde tàn ká inú ara. Nígbà tí wọ́n wo enhancer wọn, ìyẹn àwọn ibi lára DNA tó ń pinnu jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ àti bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó, èyí tó balẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ ti ń jọ ti ẹ̀dọ̀, èyí tó balẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró ti ń jọ ti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n tún mú macrophage tó ti dàgbà tán nínú ikùn, wọ́n fi sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀.

Láti yàrá iṣẹ́ abẹ dé inú abọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí San Diego, torí ibẹ̀ ló ti ká mi lára jù. Níbo lèèyàn ti lè rí ọpọlọ èèyàn tó ṣì wà láàyè? Lọ́dọ̀ aláìsàn ni: ẹni tí wárápá rẹ̀ ò gbóògùn, tàbí ẹni tí kókó hù sí nínú ọpọlọ. Kí oníṣẹ́ abẹ tó débi tó ń lọ, ó ní ìwọ̀nba ọpọlọ tó gbọ́dọ̀ gé kúrò. Èyí tí ì bá dà nù ni wọ́n gbà, pẹ̀lú àṣẹ aláìsàn tàbí òbí rẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí láàbù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tú u jẹ́jẹ́, wọ́n sì ṣa microglia jáde láàárín àwọn yòókù. Wọ́n ka jíìnì àwọn kan lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kó àwọn kan sínú abọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó sọnù, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣe nílé. Ìwé máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ṣe ló ń sinmi, àfi tí ọgbẹ́ bá dé. Ní 2005, àwọn olùwádìí fá agbárí eku títí ó fi fẹ́lẹ́, wọ́n sì fi maikirosíkóòpù alágbára wo inú ọpọlọ náà nígbà tí eku ṣì wà láàyè. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó ń sinmi ò dúró rárá. Ojú kan ni ara rẹ̀ wà, àmọ́ àwọn apá rẹ̀ tín-ín-rín ń nà, wọ́n ń ká kò, wọ́n ń fọwọ́ ba ohun gbogbo tó yí i ká. Wọ́n fi iná laser dá ọgbẹ́ bíńtín síbì kan, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan gbogbo apá tó wà nítòsí ti na ara wọn síbẹ̀. Jíìnì kan tó ń jẹ́ P2RY12 ló ń ràn án lọ́wọ́ láti gbọ́ igbe sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́. Òmíràn, SALL1, wà lára àwọn tó ń ṣètò ìwà microglia lódindi. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń rẹlẹ̀ nínú abọ́.

Kí ló wà nínú abọ́ náà? Ìbéèrè yìí ló ṣí mi lójú. Ó ti di àṣà láàbù látọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n máa fi serum bọ́ sẹ́ẹ̀lì, omi ara ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí wọn ò tíì bí. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ tó dá ṣáṣá, microglia kì í fojú kan serum. Odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kó kọjá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè pàdé, ọjọ́ tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́.

Ní 2017 yìí kan náà, àwọn ará láàbù Ben Barres ní Stanford yọ serum kúrò nínú oúnjẹ microglia eku. Ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ọpọlọ máa ń fún un ni wọ́n fi rọ́pò: TGF-β2, cholesterol, àti IL-34 tàbí CSF1. Sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè, ó tún ní apá. Wọ́n bu serum sí i padà, ìrísí rẹ̀ yí, ó sì di wọ̀bìà, tó ń gbé ohun gbogbo mì.

Ibi tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìwé ti sọ nípa ìwà microglia, bó ṣe ń bínú, bó ṣe ń jẹ àjẹkì, ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ń ya wọnú ọpọlọ ni wọ́n ti rí i. Kò purọ́ fún wọn. Ó dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ ni.

Ohun kan ṣì kù. Pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ṣètò fún un yìí, ìwà rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò tán. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará láàbù yẹn kan náà gbé microglia tó ti pẹ́ nínú abọ́ padà sínú ọpọlọ eku tí kò ní microglia tirẹ̀. Àwọn jíìnì tó ti dákẹ́ tún fọhùn.

Ewé àti ọṣẹ

Mo mọ òwe tó ti wà lẹ́nu yín: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Èmi náà ti pa á fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló sì bi mí pé, ewé tó ti di ọṣẹ, ṣé ó tún máa ń di ewé? Ó rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó lójú ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Sweden ti fi carbon-14, irú káábọ̀nù kan tí bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sínú afẹ́fẹ́ láyé àtijọ́ ṣírò ọjọ́ orí microglia èèyàn. Ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ni wọ́n rí ní ìpíndọ́gba, àwọn kan sì ju 20 ọdún lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó lo ogún ọdún nínú ọpọlọ! Wákàtí díẹ̀ níta, ọṣẹ ti ń ṣí kúrò lára ewé.

Ìyẹn ni pé ìwà yìí kò wọ̀ ọ́ lára tán. Wọ́n ń sọ ọ́ fún un lójoojúmọ́, ó sì ń dá wọn lóhùn lójoojúmọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dá, ìwà náà á dá.

Ohun tí ibùgbé ń sọ

Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Èròjà tí èèyàn lè wọ̀n ni, ibùgbé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀.

Nínú spleen, ẹrù tí wọ́n gbé lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Tí monocyte bá gbé sẹ́ẹ̀lì pupa mì, heme inú sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí irin so mọ́, á pa purotéènì kan tó ń jẹ́ BACH1 run. BACH1 ló ti ń tẹ jíìnì SPI-C mọ́lẹ̀. Bí BACH1 bá ti kúrò lọ́nà, SPI-C á dìde, sẹ́ẹ̀lì náà á sì di ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin. Èyí kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Lára ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ kó tó fọ́. Ẹrù ọ̀hún pọ̀ ju ti spleen nìkan lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àìsàn náà máa ń ba spleen fúnra rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Lára eku, ìwádìí 2016 kan fi hàn pé tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ń bàjẹ́ ní rẹpẹtẹ, monocyte á rọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, wọ́n á di òṣìṣẹ́ irin fúngbà díẹ̀, tí iṣẹ́ bá sì tán, wọ́n á tú ká.

Nínú ikùn, retinoic acid ni. Inú Fítámì A ló ti ń wá, ọ̀rá tó bo ìfun sì wà lára ibi tí ara ti ń ṣe é. Òun ló ń mú kí macrophage ibẹ̀ ṣí jíìnì GATA6. Ní Yale, wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní Fítámì A bọ́ eku, àwọn macrophage ikùn wọn ò sì lè di ara wọn mu mọ́. Epo pupa tí à ń dà sọ́bẹ̀ kún fún èròjà carotene tí ara máa ń sọ di Fítámì A. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa mu epo ní kọ́ọ̀bù o.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ló wọ̀ mí lára jù. Ní 1958, dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àìsàn kan tí wọ́n rí lára èèyàn 27: ohun funfun bíi wàrà ń kún inú àpò afẹ́fẹ́ wọn, èémí wọn ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Surfactant tí ẹnikẹ́ni ò jẹ ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ̀ ọ́n ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ní 1994, ẹgbẹ́ méjì yọ jíìnì tó ń ṣe GM-CSF, purotéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kúrò lára eku. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé ẹ̀jẹ̀ eku yóò dàrú, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n mọ GM-CSF mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀fóró ló kún. Ní 1999, àwọn ará Japan wá rí i pé ara ọ̀pọ̀ aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló ń bá GM-CSF tirẹ̀ jà. Kò sóhun tó ṣe macrophage wọn látilẹ̀. Wọ́n wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, oúnjẹ sì wà níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún wọn pé àwọn ló ni iṣẹ́ yìí ni kò dé etí wọn.

Títí dòní, ṣe ni wọ́n máa ń fọ ẹ̀dọ̀fóró náà. Wọ́n á pa aláìsàn lóorun, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró kan máa mí, wọ́n á sì máa da omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú èkejì, lítà lórí lítà. Omi tó kọ́kọ́ ń jáde á funfun bí ògì. Wọ́n á máa fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́ gaara. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé GM-CSF gan-an ni wọ́n ń fún wọn fà símú. Ọ̀nà kejì yìí ló bá ọkàn mi mu: ọ̀rọ̀ tó dá ni wọ́n ń bá ẹ̀dọ̀fóró sọ padà.

Odò àti orísun rẹ̀

Àmọ́ n kò ní jẹ́ kí ibùgbé gba gbogbo ògo. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nínú iṣẹ́ àwọn ará Stanford yẹn, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ láti mùdùnmúdùn egungun sínú ọpọlọ. Wọ́n kọ́ ohun tó pọ̀, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ onílé. SALL1 ò sì dìde nínú wọn bó ṣe ń dìde nínú microglia tòótọ́.

Ọjọ́ orí náà ń kópa. Ní Belgium, Martin Guilliams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀dọ̀fóró eku tí kò ní macrophage tirẹ̀. Èyí tó ti inú àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ọlẹ̀ yẹn wá kẹ́sẹ járí, monocyte inú ẹ̀dọ̀ ọlẹ̀ kẹ́sẹ járí, monocyte eku àgbà náà kẹ́sẹ járí. Macrophage tó ti dàgbà tán níbòmíràn ni kò lè gba iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe yẹ. Ẹ rántí pé ìwádìí 2014 ti sọ pé ti ikùn lè kọ́ ìwà ẹ̀dọ̀fóró. Lójú tèmi, wọn ò ta ko ara wọn: ọ̀tọ̀ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ń kà nílé kan, ọ̀tọ̀ ni kó lè dá ṣe iṣẹ́ ilé náà.

Àyè sì tún gbọ́dọ̀ ṣí. Ojoojúmọ́ ni monocyte ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, wọn kì í sì í di Kupffer, torí pé ilé ti kún. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo Kupffer inú ẹ̀dọ̀ eku, àwọn monocyte tó ń kọjá lọ yìí kan náà yà wọlé, wọ́n sì di Kupffer láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wo fínfín tí àwọn ìyá wa àgbà fi kọ orúkọ sí apá. Ìwádìí 2018 kan láti Marseille fi hàn lára eku pé macrophage awọ ara ló ń gbé aró fínfín mì. Tí ó bá kú, aró á bọ́ sílẹ̀, èyí tó gba ipò rẹ̀ á sì tún gbé e mì. Orúkọ tẹ́ ẹ rí lápá màmá yẹn ti lè kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tó jẹ́ jẹjẹrẹ ló ń sọ̀rọ̀

Bí ibùgbé bá ń sọ̀rọ̀, jẹjẹrẹ náà jẹ́ ibùgbé. Macrophage tó bá wọnú rẹ̀ á gbọ́ ohun tó ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́ láti la òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àwọn oníṣègùn gbìyànjú láti fi oògùn tó ń dí CSF1R, ìyẹn etí tí macrophage fi ń gbọ́ CSF1, pa macrophage wọ̀nyí. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, èrè rẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ gidi ni kókó oríkèé kan tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń da CSF1 sílẹ̀ tó fi ń pe macrophage jọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, pexidartinib, fún un ní 2019. Èrò tèmi ni pé bí èèyàn bá ń pa àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń sọ ọ́ kò panu mọ́, monocyte ò ní í tán nínú ẹ̀jẹ̀.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ìwòsàn rẹ̀ dúró lórí kí àlejò kọ́ ìwà ilé. Adrenoleukodystrophy ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọdékùnrin ló sì ń bá fínra jù. Irú ọ̀rá kan tí ara wọn ò lè fọ́ á kó jọ, ọpọlọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Láti 1990 ni wọ́n ti rí i ní ilẹ̀ Faransé pé mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn lè dá a dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tinú rẹ̀ jáde máa ń wọnú ọpọlọ ọmọ náà, wọ́n á sì máa ṣe iṣẹ́ microglia, bí wọn ò tilẹ̀ di microglia tán. Ó ń gbà tó oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ó máa ń lé lọ́dún, àìsàn náà sì lè máa le sí i ní gbogbo àkókò yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sáré ṣe é nígbà tí ọmọ ṣì ń rìn, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ketekete, tó jẹ́ pé àwòrán MRI nìkan ló tíì fi hàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.